Wèrèpè Ni àbí Ẹ̀wà Igbó? Bí A Ṣe Ń Dá Wọn Mọ̀ Lóko

Láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Ṣágámù, bí ìtàkùn eléwé mẹ́ta bá ti gun ẹ̀gẹ́, igbe wèrèpè ni àwọn àgbẹ̀ máa ń ké, àdá á sì yọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìtàkùn tó ń bọ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń gé dànù. Wèrèpè gan-an tí kò tíì so, wọ́n á fi í sílẹ̀ nítorí pé kò tíì yún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yà ẹ̀wà ni wèrèpè àti àwọn ìtàkùn mẹ́ta tí à ń pè ní ẹ̀wà igbó níbí: Calopogonium, Pueraria àti Centrosema. Ewé mẹ́ta mẹ́ta ló wà lórí ọ̀pá ewé kọ̀ọ̀kan wọn. Mẹ́ta ìkẹyìn ni wọ́n ń gbìn sábẹ́ ọ̀pẹ àti rọ́bà kí ilẹ̀ má bàa wà níhòhò.

Ẹ kọ́kọ́ wo ewé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ti wèrèpè, apá tó kọjú síta fẹ̀ ju apá tó kọjú sáàárín lọ, ewé náà a wá rí wọ́rọ́wọ́. Calopogonium náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ wo ìtàkùn dáadáa: irun pupa rẹ́súrẹ́sú gígùn ló bo ti Calopogonium, ti wèrèpè tó ti gbó sì máa ń dán. Pueraria, ẹ yí ewé rẹ̀ padà: abẹ́ rẹ̀ funfun díẹ̀, ó sì nírun. Ewé Centrosema fẹ́lẹ́, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó.

Òdòdó tún yanjú ọ̀rọ̀ sí i. Ti wèrèpè pọ́n bí àlùkò, ó ń rọ̀ sísàlẹ̀ ní ṣírí. Ti Calopogonium kéré, aláwọ̀ ojú ọ̀run ni. Ti Centrosema tóbi, àwọ̀ àlùkò rẹ́súrẹ́sú ni, ìlà àlùkò wà nínú rẹ̀.

Èso ni ẹ̀rí tó dájú jù. Ti wèrèpè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 4 sí 10, ó nípọn, ó sì tẹ̀ lórí, ó tẹ̀ nídìí, bíi lẹ́tà S. Irun tó bò ó dà bí irin tó dípẹtà, ó ń dán bí oòrùn bá tàn sí i. Irun kọ̀ọ̀kan mú bí abẹ́rẹ́, ó máa ń kán sínú awọ ara, oró inú rẹ̀ ló ń yúnni. Èso Calopogonium náà nírun, èyí ló ń dẹ́rù bani jù, ṣùgbọ́n kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, kì í tẹ̀ bíi lẹ́tà S, irun rẹ̀ kì í yúnni. Ti Centrosema tẹ́ pẹrẹsẹ, ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 7 sí 15, ẹnu rẹ̀ rí ṣóńṣó. Ti Pueraria tín-ín-rín, ó sì máa ń dúdú bó bá gbó. Wèrèpè kan wà tí wọ́n ń gbìn láti bọ́ ilẹ̀, irun rẹ̀ rọ̀ bí àrán. Ẹ má fọwọ́ dán an wò láti mọ̀.

Bó bá jẹ́ wèrèpè, ẹ fa á tìdítìdí kó tó tanná, kí òjò tó kásẹ̀ nílẹ̀. Bó bá ti so tó sì gbẹ, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án lọ́sàn-án tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ẹ má sì dáná sun ún, nítorí irun náà á fò káàkiri. Ẹ lọ ní kùtùkùtù tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀, kí ẹ wọ ẹ̀wù alápá gígùn, kí ẹ bojú, kí ẹ fi àdá gé èso náà sínú àpò, kí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀.

Bó bá yún yín, ẹ má họ ọ́, híhọ ló ń tì í wọlé. Ẹ bọ́ aṣọ náà, ẹ lẹ téèpù mọ́ ojú ibẹ̀, kí ẹ ṣí i kúrò, ẹ tún un ṣe pẹ̀lú téèpù tuntun, kí ẹ tó da omi àti ọṣẹ sí i láìha ara. Bó bá wọ ojú, omi mímọ́ tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn.

Àwọn mẹ́ta yòókù, ẹ gé wọn kúrò ní ìdí ẹ̀gẹ́ nìkan, kí ẹ fi ìyókù bo ilẹ̀. Ẹ hú ọ̀kan, ẹ wo kókó tó wà lára gbòǹgbò, ẹ fi èékánná là á. Bí inú rẹ̀ bá pupa, oúnjẹ ló ń kó sínú ilẹ̀ yín.