Bí A Ṣe Ń Ṣe Tápẹ́ẹ̀tì Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá, àti Ìdí Tí Ó Fi Rí Bẹ́ẹ̀

Ẹni tí ó bá ṣì ń wa Volkswagen Ìjàpá ní Àkúrẹ́, yálà ó jogún rẹ̀ ni tàbí ó rà á, yẹ kí ó mọ bí a ṣe ń ṣe tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyẹn ni bí a ṣe ń wọn àlàfo kékeré tí ó wà láàrin fáàfù (ìdérí kékeré tí ń ṣí tí ń tì fún atẹ́gùn àti èéfín nínú ẹ́ńjìnnì) àti irin tí ń tì í, tí a sì ń tún un ṣe. Kí ó tó mú sípánà, ó dára kí ó mọ ohun tí àwọn tí wọ́n ya ẹ́ńjìnnì náà ń wá.

Karl Benz, ará Jámánì, ni ó kọ́kọ́ ṣe ẹ́ńjìnnì tí pístìn rẹ̀ (irin tí ń lọ tí ń bọ̀ nínú sílíńdà) dùbúlẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì kiráǹkì, irin tí pístìn ń yí, ní 1896. Pístìn méjèèjì a máa jáde pọ̀, wọn a sì máa wọlé pọ̀, tí ìgbọ̀n ọ̀kan fi ń pa ti èkejì. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí Ferdinand Porsche ń wá ẹ́ńjìnnì fún ọkọ̀ tí mẹ̀kúnnù lè rà, Franz Reimspiess tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ ya oní-sílíńdà mẹ́rin tí ó kúrú, tí ó sì fúyẹ́ tó láti wà ní ìdí ọkọ̀. Wọn kò fi omi tù ú rárá. Fáànù ni ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, nítorí náà kò sí omi tí yóò dì nígbà òtútù Jámánì, kò sì sí rédíétọ̀ tí yóò jò.

Nítorí pé atẹ́gùn nìkan ni ó ń tù ú, irin rẹ̀ a máa gbóná gan-an, a sì máa fẹ̀. Ìdí nìyí tí a kì í fi í ṣe tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní gbígbóná. Bí ẹ bá ti Ìdànrè dé ní ìrọ̀lẹ́, ẹ jẹ́ kí ó di òwúrọ̀.

Ẹ fi òkúta dí táyà, kí jíà wà ní fíríì. Ẹ ṣí ìdérí distribútọ̀ tí ń pín iná fún sílíńdà, kí ẹ yí púlì, wílì tí bẹ́líìtì wà lára rẹ̀ ní ìdí kiráǹkì, títí àmì rẹ̀ yóò fi bá ojú ibi tí ilé ẹ́ńjìnnì ti pín sí méjì mu, tí rótọ̀, apá tí ń yí nínú distribútọ̀, yóò sì kọjú sí àmì kékeré etí distribútọ̀. Sílíńdà kìn-ín-ní nìyẹn, lápá ọ̀tún, níhà iwájú ọkọ̀. Ẹ wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ tú wáyà tí ó di ìdérí fáàfù mú, kí ẹ sì fi géèjì, irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo, wọn àlàfo fáàfù méjèèjì: 0.15 mílímítà ni. Ẹ wá yí púlì ní ìlàjì, ní òdìkejì ọ̀nà tí ọwọ́ aago ń gbà, ó di sílíńdà kejì. Bákan náà fún ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin.

Ẹ fara balẹ̀ gidigidi ní ẹ̀kẹta. Nínú àwọn tí wọ́n ṣe ṣáájú àwọn ọdún 1970, kúlà ọ́ìlì, ohun tí ń tu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, dúró sí ọ̀nà atẹ́gùn rẹ̀, òun ni ó sì ń gbóná jù. Bí àlàfo rẹ̀ bá pa dé, fáàfù kò ní lè tì dáadáa, yóò sì jó.

Ẹ pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí, kí ẹ sì tan ẹ́ńjìnnì. Ó yẹ kí ẹ gbọ́ ìró tápẹ́ẹ̀tì díẹ̀. Bí ó bá dákẹ́ pátápátá, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ sì tún sílíńdà kẹta wọ̀n.