Ìtọ́jú ọ̀dà ọkọ̀ tí ó ń sùn níta

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé ọkọ̀ síta ní Ìbàdàn láti ọdún dé ọdún, ìgbẹ́ ẹyẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rù, nítorí pé ásíìdì inú rẹ̀ máa ń jẹ ọ̀dà nígbà tí oòrùn bá ti mú ara ọkọ̀ gbóná. Ẹ má ṣe ha á. Ẹ fi aṣọ tútù bò ó títí yóò fi rọ̀, kí ẹ tó rọra nù ún kúrò. Oje igi máńgòrò náà ń ba ọ̀dà jẹ́, nítorí náà ibòòji rẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ní àkókò ọyẹ́, ẹni tí ó bá fi aṣọ gbígbẹ nu eruku ọkọ̀ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ha ọ̀dà ni. Ẹ kọ́kọ́ da omi sí i, kí ẹ wá fi ọṣẹ ìfọkọ̀ fọ̀ ọ́, nítorí pé ọṣẹ ìfọṣọ a máa bó wáàsì, ìyẹn ìpara tí ẹ fi pa ara ọkọ̀ láti dáàbò bo ọ̀dà rẹ̀. Wáàsì yìí, ní tèmi, ṣe pàtàkì ju ìbòrí ọkọ̀ lọ, pàápàá bí a bá fi ìbòrí náà bo ọkọ̀ tí ó ní eruku lára, tí afẹ́fẹ́ sì ń fi í gbo ọ̀dà.