Bí mo ṣe ń mú àlejò rin Ìjẹ̀bú-Òde lórí ọ̀rọ̀ owó ayédèrú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí bí mo ṣe ń ṣe ìrìn yẹn, èyí tí mo fi ń mú àlejò káàkiri ìlú, tí mo ń sọ ìtàn ọ̀ràn àtijọ́ fún wọn, ó dáa, ẹ jókòó. Ẹ mú ọ̀ràn kan ṣoṣo, ẹ má kó gbogbo olè ayé jọ. Ẹ sì fi ìdigunjalè àná sílẹ̀, ọmọ ẹni tí wọ́n pa ṣì ń kọjá lójú títì, kì í ṣe nǹkan tá a fi ń gbowó lọ́wọ́ àlejò.

Tèmi, owó ayédèrú ni. Láyé òyìnbó, tí wọ́n bá ti ní "owó Ìjẹ̀bú" báyìí, ayédèrú ni wọ́n ń sọ, orúkọ wa ló di orúkọ nǹkan tí kì í ṣe ojúlówó, ó ń dùn mí àmọ́ ó tún ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn báyìí: láti 1913 ni wọ́n ti ń ná ṣílè tuntun ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, fàdákà ni, nígbà tó di 1920 fàdákà wọ́n, wọ́n bá fi nǹkan tó dà bí idẹ rọ́pò ẹ̀. Idẹ kẹ̀, níwájú alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́! Èrè gidi wà níbẹ̀, torí ohun tó wà lára owó yẹn ò tó iye tí wọ́n kọ sí i.

Òkè-Ajé ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, láàárọ̀ kí ọjà tó kún. Ẹ mú ṣílè àtijọ́ dání, ó ṣì wà nínú àpótí ìyá àgbà, kẹ́ ẹ tún wá òjé kékeré kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn jù ú sórí òkúta: ṣílè á dún kín-ín, òjé á dún gbì. Ibẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ti gbowó yín, àmọ́ ẹ dúró kí alẹ́ẹ̀tì wọlé sórí fóònù tiyín o, alẹ́ẹ̀tì ayédèrú ni owó Ìjẹ̀bú ti ìsinsìnyí.

Kẹ́ ẹ tó kó èèyàn wọ ìtún kankan, ìyẹn àdúgbò, ẹ lọ kí Olórítún, olórí àdúgbò náà. Mi ò ṣe é nígbà àkọ́kọ́. Mo nawọ́ sí ilé kan, mo ní "ibí ni wọ́n ti ń rọ ọ́", ìyá àgbà kan bá yọjú lójú fèrèsé: "Ọmọ ta ni ẹ́?" Kẹ́kẹ́ pa mọ́ mi lẹ́nu. Mo dọ̀bálẹ̀ lójú títì níwájú àlejò méjìlá, mo sọ orúkọ bàbá mi, màmá ní bàbá mi ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Látọjọ́ náà mi ò nawọ́ sílé ẹnì kankan mọ́, ojú ọjà ni mo ti ń sọ ìtàn mi tán.

Iwájú ilé Balógun Kúkù, olóyè Ìjẹ̀bú àtijọ́, ni mo ti máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà pa, wọn ò fẹ́ kí òyìnbó máa gba ìlú wọn kọjá, òyìnbó ní wọ́n fi ìwọ̀sí lọ òun, ló bá di oṣù karùn-ún 1892, wọ́n gbé ìbọn Maxim, èyí tó ń yìn léraléra, dé Ìmàgbọn, wọ́n ṣẹ́gun wa, wọ́n wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ bi wọ́n pé ta lọ̀daràn níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Tọkọtaya kan jiyàn ẹ̀ títí a fi jẹ ìkọ́kọrẹ́ tán.

Ọjọ́ Ojúde Ọba, ẹ má dán an wò, títì ò ní gbà yín. Ẹni tó bá ní ẹjọ́ Awólọ́wọ̀ lòun fẹ́ gbọ́, èyí tí wọ́n fi jù ú sẹ́wọ̀n ọdún 10 ní 1963, ẹ sọ fún un pé Èkó ni wọ́n ti dá a, ilé bàbá ṣì wà ní Ìkẹ́nnẹ́, àmọ́ Rẹ́mọ nìyẹn, mọ́tò ló máa wọ̀.