Bí A Ṣe Ń Fi Atẹ́gùn Yẹ Ìṣirò CO2 Wò ní Ìlọrin àti Gúúsù Kwárà

Bí ẹ bá wo apá Ọ̀fà àti Òmù-Àrán lórí àwọn máàpù CO2 (afẹ́fẹ́ kábọ́nù tó ń mú ayé gbóná), ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan sọ pé ilẹ̀ ibẹ̀ ń fa CO2 mọ́ra lọ́dún, kí òmíràn ní ṣe ló ń tú u jáde. Atẹ́gùn ni ẹ ó pè ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹ ó mú iye tí máàpù pè, ẹ ó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fi atẹ́gùn ọjọ́ náà gbé e rìn, ẹ ó wá wò ó bóyá ó bá ohun tí ẹ̀rọ wọ̀n mu.

Ẹ kọ́kọ́ yan ìṣirò, ìyẹn máàpù, tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò. CarbonTracker ti NOAA, àjọ ojú ọjọ́ àti òkun ní Amẹ́ríkà, wà lọ́fẹ̀ẹ́, GFED, àkójọ ìṣirò ohun tí iná ń tú jáde, sì wà fún iná ìgbẹ́. Ẹ rí i pé ti ewéko, ti iná ìgbẹ́ àti ti epo tí ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ ń jó pé síbẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé iná ìgbẹ́ nílẹ̀ ọ̀dàn tiwa ti ba iṣẹ́ jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìwọ̀n ló kàn. Ẹ̀rọ AERONET ti wà ní Yunifásítì Ìlọrin láti 1998, ṣùgbọ́n eruku inú afẹ́fẹ́ ló wà fún. Ibùdó Lamto ní Côte d'Ivoire, nínú ọ̀dàn bíi tiwa, ń wọn CO2. Sátẹ́láìtì OCO-2 náà ti ń wò ó láti òkè láti 2014, àmọ́ ìkùukùu òjò àti eruku ọyẹ́ máa ń dí i lójú. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ tiyín kalẹ̀, ẹ má lo ti owó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń fi wọn afẹ́fẹ́ inú yàrá: ó lè fi 30 ppm (ìdá kan nínú mílíọ̀nù ni ppm kan) ṣìnà, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ tí à ń wá kò ju ppm mélòó kan lọ. Ìwọ̀n tí wọ́n bá ti lò láti fi ṣe ìṣirò náà kò lè jẹ́rìí sí i mọ́.

Ìwọ̀n ọ̀sán nìkan ni kí ẹ mú, aago méjìlá sí mẹ́rin. Lóru, CO2 máa ń kó jọ nílẹ̀, àwòṣe, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣàfarawé bí afẹ́fẹ́ ṣe ń rìn, kì í sì sábà mọ bó ṣe ga tó.

Ibi tí iṣẹ́ ti dùn jù rèé. Ẹ ṣí HYSPLIT, àwòṣe NOAA tí ẹnikẹ́ni lè lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tẹ 8.5 fún àríwá àti 4.55 fún ìlà-oòrùn, ìyẹn Ìlọrin. Aago UTC ló ń lò, nítorí náà aago méjì ọ̀sán wa, 13 ni. Ẹ ní kí ó padà sẹ́yìn ní ọjọ́ márùn-ún, yóò sì fa ìlà ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ gbà dé ọ̀dọ̀ yín. Ní oṣù Keje, ìlà náà sábà máa ń gba Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ lọ sí òkun. Nígbà ọyẹ́, apá Bida ló máa ń gbà lọ sókè, síhà Sàhárà. Ẹ rí i báyìí pé ẹ̀rọ tó wà ní Ìlọrin kì í fi bẹ́ẹ̀ gbúròó iná ìgbẹ́ ilẹ̀ Ìgbómìnà lásìkò ọyẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀, apá Òṣogbo, níbi tí atẹ́gùn ń gbé e lọ, ni kí ó gbé ẹ̀rọ sí.

Ọ̀nà nìkan ni ìlà yẹn ń fi hàn. Fún ìṣirò gidi, ẹ lo STILT, àwòṣe mìíràn, tó ń sọ iye ppm tí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè fi kún afẹ́fẹ́ ibùdó yín. Ẹ fi ìtújáde tí máàpù pè sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ro ó pọ̀ mọ́ iye tí afẹ́fẹ́ gbé wá láti ọ̀nà jíjìn. Ká ní 424 ppm ló gbé wá, tí máàpù fi 3 kún un, 427 nìyẹn. Ẹ̀rọ wá ka 431.

Ẹ má tíì dá máàpù lẹ́bi. Bí àwòṣe bá rò pé afẹ́fẹ́ ń pòpọ̀ dé mítà 2,000 lókè, tó sì jẹ́ pé 1,000 ló dé, CO2 yóò fọ́n ká jù: 3 yẹn ì bá jẹ́ 6. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú atẹ́gùn inú ERA5, àkójọ ojú ọjọ́ ti Yúróòpù, kí ẹ sì tún fi FLEXPART, àwòṣe mìíràn, ṣe é. Bí iye tí gbogbo wọn pè bá ń kéré ju ohun tí ẹ̀rọ kà lọ ní ọ̀pọ̀ ọ̀sán tí atẹ́gùn ti ọ̀nà kan náà wá, nígbà náà ni kí ẹ sọ pé máàpù ń fojú kéré ohun tí apá ibẹ̀ ń tú jáde, kí ẹ sì kọ oṣù àti ọ̀nà atẹ́gùn náà sí i.