Bí a ṣe ń jiyàn lórí owó orí, ètò ìlera àti àlàfo owó ní Amẹ́ríkà

Bí ìjiyàn lórí owó orí àti ìlera bá ti gbóná ní Amẹ́ríkà, ìwà ni àwọn èèyàn máa ń bá ara wọn fà: ọ̀kan ní olówó ò láàánú, èkejì ní ìjọba ń kọ́ni ní ọ̀lẹ. Bí ẹ bá fetí sílẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí i pé nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì ń kà. Ọ̀kan ń ka owó tí ìjọba ń ná, èkejì ń ka owó tí gbogbo ìlú ń ná. Ọ̀kan ń ka owó kí wọ́n tó yọ owó orí, èkejì ń kà á lẹ́yìn tí wọ́n yọ ọ́ tán. Iye méjèèjì lè jẹ́ òótọ́, kí wọ́n sì forí gbárí. Nítorí náà, ìbéèrè tí ẹ ó máa mú dání jálẹ̀ ìjiyàn nìyí: kí lẹ kà, kí lẹ fi sílẹ̀ níta?

Ẹ kọ àbá náà sílẹ̀ kí ẹ tó lanu

"Kí olówó san ojúṣe tirẹ̀" kì í ṣe àbá, ìfẹ́ ọkàn ni. Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ nǹkan márùn-ún sí i: ta ni yóò san án, láti iye wo ni sísan ti bẹ̀rẹ̀, ara kí ni wọn yóò ti yọ ọ́ (owó tó ń wọlé ni àbí dúkìá àbí èrè orí ohun tí wọ́n tà), ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni, àti ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó náà ṣe. Èyí tí ẹ kò bá rí kọ nínú márùn-ún yìí ni alátakò yóò gbá mú.

Ẹ wo àbá owó orí dúkìá tí sẹ́nétọ̀ Elizabeth Warren gbé jáde ní 2019. Ẹni tí dúkìá rẹ̀ bá ju mílíọ̀nù 50 dọ́là lọ, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ gbèsè kúrò, ni yóò san ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún, ìdá náà sì ga sí i fún ohun tó bá lé ní bílíọ̀nù kan. Ẹni tó ní mílíọ̀nù 60, mílíọ̀nù 10 tó fi lé nìkan ni wọn yóò wò. 200,000 dọ́là ni yóò san. Bí ẹnì kan bá yọ ìdá 2 lára mílíọ̀nù 60 lódindi, ó ti sọ owó náà di ìlọ́po mẹ́fà.

Ohun tí alátakò yóò fi dá yín lóhùn ni pé ní 1990, orílẹ̀-èdè 12 nínú OECD, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó lọ́rọ̀, ló ń gba irú owó orí bẹ́ẹ̀, nígbà tó di 2017, mẹ́rin péré ló kù. Òótọ́ ni, ẹ má sẹ́ ẹ. Ẹ dáhùn pé ọ̀pọ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ láti iye tó kéré gan-an, wọ́n dá ọ̀pọ̀ nǹkan sí, àti pé ọmọ Yúróòpù lè kó lọ sí orílẹ̀-èdè kejì kó sì bọ́, ṣùgbọ́n ọmọ Amẹ́ríkà ń jẹ ìjọba rẹ̀ lówó orí níbikíbi tó bá ń gbé. Ibi tí ẹ̀yin fúnra yín ti máa làágùn ni ìdíyelé: ìpín ìdókòwò tí wọ́n ń tà lọ́jà ní iye lójoojúmọ́, iléeṣẹ́ ìdílé tàbí àwòrán àtijọ́ kò ní. Ìbéèrè òfin pẹ̀lú wà ńlẹ̀: ṣé òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà gba irú owó orí yìí láyè? Nínú ẹjọ́ owó orí kan, ẹjọ́ Moore, tí wọ́n dá ní 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi ọ̀rọ̀ owó orí dúkìá sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án.

Owó orí oní-àkàbà: ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn

Owó orí oní-àkàbà ni èyí tí ìdá rẹ̀ ń ga sí i ní ipele dé ipele bí owó ṣe ń pọ̀ sí i. Ibí ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Àwọn kan gbà pé bí owó ẹni bá ti wọ ipele ìdá 22, gbogbo owó rẹ̀ ni wọn yóò máa yọ 22 lára rẹ̀, débi pé ẹlòmíì ń bẹ̀rù àfikún owó oṣù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìdá tó ga kì í kan owó tó wà lórí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀.

Ẹ mú ẹni tí kò ní ọkọ tàbí aya, tó ń gba 60,000 dọ́là lọ́dún, kí ẹ fi òfin 2024 ṣírò tirẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ yọ̀ǹda 14,600 tí kò ní san nǹkan kan lé lórí, ó ku 45,400. Ìdá 10 ni wọ́n ń gbà lórí 11,600 àkọ́kọ́, ìyẹn 1,160. Ìdá 12 ni wọ́n ń gbà lórí 33,800 tó kù, ìyẹn 4,056. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 5,216. Bí ẹ bá fi wé 60,000, kò tó ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdá 12 ni wọ́n kọ sára ipele tó dúró sí.

Ipele ìdá 22 bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn 47,150. Kí ẹni tó dúró gẹ́lẹ́ lórí ẹnu ààlà yẹn wá gba àfikún 1,000 dọ́là: 220 ni yóò lọ, lára 1,000 yẹn nìkan. Owó àtẹ̀yìnwá ò mì.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra kí ẹ má fi ẹni tó ní "àfikún owó pa mí lára" ṣe ẹlẹ́yà. Ó lè jẹ́ òótọ́, kó máà jẹ́ pé owó orí ló fà á. Ní àwọn ìpínlẹ̀ tó ti fẹ Medicaid, ètò ìlera ìjọba fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré, lójú, ẹni tó ń dá gbé kò gbọdọ̀ gba ju 138 nínú ọgọ́rùn-ún ìlà òṣì tí ìjọba àpapọ̀ fà lọ. Ní 2024, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 20,780 dọ́là. Bó bá fi díẹ̀ kọjá rẹ̀, ètò ìlera yẹn lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lódindi. Èyí kì í ṣe àtẹ̀gùn, ọ̀gbun ni. Ẹni tó bá fẹ́ràn owó orí oní-àkàbà ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ èyí, torí ó fi hàn pé àwọn ètò ìrànwọ́ náà nílò àtẹ̀gùn.

Lẹ́yìn èyí, àwọn alátakò á ju nọ́ńbà yìí lù yín: ìdá 1 tó lówó jù san nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún owó orí lọ́dún 2022. Nọ́ńbà gidi ni, láti ọ̀dọ̀ IRS, àjọ tó ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè: owó orí wo? Owó orí ìjọba àpapọ̀ lórí owó tó ń wọlé nìkan ni. Nǹkan bí ìdá 22 nínú gbogbo owó tí wọ́n kéde fún IRS lọ́dún yẹn ló sì jẹ́ tiwọn. Owó Social Security, tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù fún ètò ìfẹ̀yìntì, kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó orí ọjà tí ìpínlẹ̀ ń gbà. Ẹ tún ẹni tó ń gba 60,000 wò: ìdá 6.2 fún Social Security jẹ́ 3,720 dọ́là. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan lọ́dún, 168,600 àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n yọ ọ́ lára rẹ̀ ní 2024. Ó san nǹkan bí 10,453, ìyẹn ìdá 1 péré nínú owó rẹ̀. Àkàbà náà dorí kodò níbẹ̀. Ìdáhùn tó bójú mu láti òdìkejì ni pé owó ìfẹ̀yìntì tí olówó yóò gbà pẹ̀lú ní òdiwọ̀n, ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀ sì ṣe ojú rere sí ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kéré. Ẹ má yí i mọ́lẹ̀.

Ohun méjì míì tó ń ba ìjiyàn yìí jẹ́. Àkọ́kọ́, àwọn kan á ní láyé ìgbà 1950 olówó ń san ìdá 91. Ìdá yẹn wà nínú òfin lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó tó bá lé ní 200,000 dọ́là ìgbà yẹn fún ẹni tó dá wà nìkan ló kàn, ihò àsálà sì pọ̀ nínú òfin. Ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ló san án. Ìkejì, ìdá tó ga lórí owó oṣù kì í fọwọ́ kan ọ̀pọ̀ bílíọ́níà, torí kì í ṣe owó oṣù ló sọ wọ́n di bẹ́ẹ̀. Ìpín ìdókòwò wọn ń níye lórí sí i, wọn kò sì ní san nǹkan kan títí wọn yóò fi tà á. Bí wọ́n bá tà á, ìdá tó ga jù fún ohun tó ti pẹ́ lọ́wọ́ jẹ́ 23.8. Bí wọ́n bá kú láìtà á, iye ọjọ́ ikú ni wọn yóò kọ fún ajogún, èrè àtẹ̀yìnwá sì bọ́ lọ́wọ́ owó orí yẹn pátápátá. Bí mílíọ́níà àti bílíọ́níà bá jẹ yín lógún, ibẹ̀ ni kí ẹ dojú àbá yín kọ.

Ìlera: ẹ má pe ẹyẹ mẹ́rin ní ẹyẹ kan

Kí gbogbo ènìyàn ní ìtọ́jú kò túmọ̀ sí pé ìjọba nìkan ló ń san án. Ní Kánádà, ìjọba ẹkùn ló ń sanwó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ dókítà ń ṣiṣẹ́ ara wọn. Ní Gẹ̀ẹ́sì, láti 1948, ìjọba ló ń sanwó, òun ló sì ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn. Jámánì ń lo àjọ adójútòfò tó pọ̀, ètò tó ti wà láti 1883. Ní Switzerland, iléeṣẹ́ aládàáni ló ń ta adójútòfò ìlera, òfin sì fi dandan rà á lé gbogbo olùgbé lọ́wọ́. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ èyí tí òun ń gbè. Ẹ ó rí i pé ìdajì ìjà ti parí, torí ọ̀pọ̀ tó kọ ti Gẹ̀ẹ́sì ni kò ní kọ ti Jámánì.

Lẹ́yìn náà ló kan owó. Ní 2018, Charles Blahous ti ilé ìwádìí Mercatus Center ṣírò àbá sẹ́nétọ̀ Bernie Sanders, pé kí ìjọba àpapọ̀ máa sanwó ìlera gbogbo ènìyàn, ó ní owó tí ìjọba àpapọ̀ ń ná yóò fi nǹkan bí tírílíọ̀nù 32.6 dọ́là lé sí i láàárín ọdún mẹ́wàá. Àwọn alátakò gbé e jáde. Àwọn alátìlẹ́yìn náà gbé ìwé kan náà jáde, torí inú rẹ̀ kan náà ni ìṣirò kan wà tó fi hàn pé àpapọ̀ owó tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń ná lórí ìlera lè dín ní nǹkan bí tírílíọ̀nù 2. Kò sí irọ́ nínú méjèèjì. Ọ̀pọ̀ nínú tírílíọ̀nù 32.6 jẹ́ owó tó ṣí kúrò lápò ìdílé àti agbanisíṣẹ́ bọ́ sí àpò ìjọba. Tírílíọ̀nù 2 náà sì dúró lórí ohun kan: pé ilé ìwòsàn yóò gba iye tí Medicare, ètò ìlera ìjọba fún àwọn àgbàlagbà, ń san, tó kéré sí ti adójútòfò aládàáni, láìsí ìyípadà. Blahous fúnra rẹ̀ kò gbà pé ìyẹn rọrùn. Bí ìdíyelé ò bá wálẹ̀ bẹ́ẹ̀, àpapọ̀ owó yóò ga ni. Ìbéèrè tó yẹ ká máa jà lé lórí nìyẹn: ṣé Kọ́ńgrẹ́ẹ̀sì lè dín owó ilé ìwòsàn kù láìjẹ́ pé àwọn kan tilẹ̀kùn?

Ẹ má fi owó orí tuntun wé òfo. Ẹ fi wé owó tí wọ́n ń san lónìí. Ní 2024, adójútòfò ìlera ìdílé kan láti ibi iṣẹ́ jẹ́ nǹkan bí 25,500 dọ́là lọ́dún, òṣìṣẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ san nǹkan bí 6,300 nínú rẹ̀, agbanisíṣẹ́ san ìyókù. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ọrọ̀ ajé gbà pé ara owó oṣù òṣìṣẹ́ náà ni ìyókù yẹn ti ń jáde. Nítorí náà, ẹni tó ń jà fún àbá yìí gbọ́dọ̀ dáhùn ní tààrà: bí agbanisíṣẹ́ ò bá ra adójútòfò mọ́, kí ni yóò mú kó fi owó náà kún owó oṣù? Bí ẹ ò bá ní ìdáhùn sí èyí, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbọ́ yín ti mọ̀ pé àwọn lè san owó orí tuntun kí wọ́n sì pàdánù ti àtijọ́.

Àlàfo owó: kí ni ẹ fi ń wọ̀n ọ́n?

Òṣùwọ̀n Gini ń lọ láti 0, tí gbogbo ènìyàn ń gba iye kan náà, dé 1, tí ẹnì kan ṣoṣo kó gbogbo rẹ̀. Iye tí àjọ ìkànìyàn Amẹ́ríkà ń gbé jáde fún owó tó ń wọ ilé ń wà ní nǹkan bí 0.49. Owó kí wọ́n tó yọ owó orí ni wọ́n kà, wọn kò ka Medicaid tàbí ìrànwọ́ oúnjẹ mọ́ ọn. Bí ẹ bá fẹ́ fi hàn pé ètò ìjọba ń ṣiṣẹ́, iye yìí kò lè fi í hàn, torí kò kà á. Dúkìá tún yàtọ̀; àlàfo rẹ̀ fẹ̀ ju ti owó tó ń wọlé lọ dáadáa.

Àríyànjiyàn ńlá kan wà láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé fúnra wọn. Piketty, Saez àti Zucman rí i pé ìpín ìdá 1 tó lówó jù, kí wọ́n tó yọ owó orí, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì láti 1980. Auten àti Splinter ní lẹ́yìn owó orí àti ìrànwọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti 1960. Ibi tí wọ́n ti yà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú: owó tí àwọn ènìyàn fi pa mọ́ fún ìjọba, ta ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jù? Òfin owó orí 1986 tún mú kí ọ̀pọ̀ èrè iléeṣẹ́ máa fara hàn lórí ìwé owó orí ẹni tó ni ín, nítorí náà apá kan ìfòsókè yẹn lè jẹ́ ìyípadà ìwé. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ má mú ìhà kan wá sí ìjókòó kí ẹ sì pa èkejì mọ́.

Bí ẹ ṣe máa darí ìjókòó náà

Ènìyàn méjì ní ìhà kọ̀ọ̀kan tó. Ìṣẹ́jú márùn-ún fún àbá, márùn-ún fún alátakò, mẹ́ta mẹ́ta fún èsì, ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún ìbéèrè àwọn olùgbọ́. Ẹ lẹ ìṣirò ẹni tó ń gba 60,000 mọ́ ara ògiri kí gbogbo ènìyàn lè máa tọ́ka sí i. Kí adarí di ìbéèrè kan ṣoṣo mú, kó máa bi ẹnikẹ́ni tó bá sọ nọ́ńbà: ọdún wo ni, ta ló wà nínú rẹ̀, ta ló wà níta? Àwọn ipele owó orí ń yí padà lọ́dọọdún nítorí ọ̀wọ́ngógó, torí náà ẹ má gba nọ́ńbà tí kò ní ọdún lára.

Kí èsì tó bẹ̀rẹ̀, kí ìhà kọ̀ọ̀kan sọ ọ̀rọ̀ tó lágbára jù lọ lọ́dọ̀ ìhà kejì, débi tí ìhà kejì yóò fi ní "bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mo sọ nìyẹn." Bí wọn kò bá gbà, ẹ tún un sọ. Ó máa ń jẹ ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó sì ń dín ariwo kù ju òfin èyíkéyìí lọ.

Ẹ ya ọ̀rọ̀ ìṣirò sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́. Iye tí owó orí yóò mú wọlé, ìṣirò ni. Bóyá ó tọ́ kí ẹni tó ṣiṣẹ́ kára sanwó ìtọ́jú ẹni tí kò mọ̀ rí, ẹ̀tọ́ ni, kò sí nọ́ńbà tó lè parí rẹ̀. Ẹ pín ògiri sí méjì, kí adarí máa kọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sí ìhà tó yẹ ẹ́. Nígbà tí àkókò bá tó, kí ẹni kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin kọ nọ́ńbà kan sílẹ̀ láti ìhà ìṣirò, èyí tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fi hàn án pé ó yàtọ̀ sí bó ṣe rò, yóò yí ọkàn padà. Ẹ fi bébà yẹn sínú àpòòwé, kí ẹ tún un ṣí nígbà tí ìṣirò tuntun bá jáde.