Bí Mo Ṣe Wá Ohun Tó Ń Jẹ Iná Nílé Mi

Kì í ṣe owó iná ló sún mi dé ìdí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tó ń gbóná sí i yìí ni. Èédú, gáàsì àti epo ni wọ́n ṣì ń jó láti fi pèsè ohun tó ju ìdajì iná mànàmáná ayé lọ, èéfín wọn ló sì ń mú ayé gbóná, nítorí náà mo fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ tèmi nínú èéfín ọ̀hún.

Mo pa gbogbo nǹkan, mo yọ wọ́n lójú iná, mo lọ dúró ti mítà. Iná pupa kékeré kan wà lójú rẹ̀ tó máa ń ṣẹ́jú; wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bó bá ṣẹ́jú nígbà 1000, yúnìtì kan ti lọ nìyẹn. Mo wá ń tan nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan. Gílóòbù àtijọ́ tó jẹ́ 60 wáàtì, ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kan. Gílóòbù LED, irú tuntun tí kì í jẹná, tó jẹ́ 9 wáàtì tó sì mọ́lẹ̀ bíi tiẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú méje kó tó ṣẹ́ ẹyọ kan. Kẹ́tù ńkọ́? 2000 wáàtì ni. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, iná pupa náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ léraléra bí ojú ẹni tí erùpẹ̀ kó sí.

Mo tún ki ṣájà fóònù bọná láìsí fóònù lẹ́nu rẹ̀. Mo dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí, mítà ò ṣẹ́jú. Bẹ́ẹ̀, ṣájà yìí gan-an la máa ń torí ẹ̀ pariwo mọ́ ọmọ nílé!

Ohun tó ń mú nǹkan gbóná tàbí tó ń mú un tutù ló ń jẹ iná. Ibẹ̀ ni mo kọjú sí. Omi tí a máa lò nìkan là ń bù sí kẹ́tù báyìí. Omi tútù la fi ń fọṣọ, torí gbígbóná omi ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú iná tí ẹ̀rọ ìfọṣọ ń lò. Mo fi bébà há ẹnu ilẹ̀kùn fíríìjì, mo tì í, mo fa bébà náà: ó yọ wẹ́rẹ́, ìyẹn ni pé ilẹ̀kùn ò pa dé, òtútù ń jáde. Mo fi ọṣẹ fọ rọ́bà etí ilẹ̀kùn náà dáadáa, ló bá ń di bébà mú.

Àwọn kan ní kí n kúkú ra fíríìjì tuntun tí kì í jẹná. Mi ò tíì rà á. Iná ni wọ́n fi ń ṣe tuntun náà nílé iṣẹ́, èyí tó wà nílẹ̀ sì ṣì ń tutù.