Bí mo ṣe ná 1,950 dọ́là kí ìbọn ọdẹ mi lè fi omi lítà kan fúyẹ́

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iye owó yẹn kó lè kúrò lọ́kàn mi: 1,950 dọ́là. Oṣù kejì sí oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá ni mo fi ná an, torí pé mo fẹ́ kí ìbọn mi fúyẹ́, ohun tó sì kúrò lára ìbọn náà nígbà tí mo ṣe tán ò ju áùnsì 35 lọ, ìyẹn pọ́ùn méjì àti áùnsì mẹ́ta. Ṣé ẹ mọ ohun tó wúwo tó bẹ́ẹ̀? Omi lítà kan. Èmi tí mo máa ń gbé omi lítà mẹ́ta gun òkè! Ká ní mo mu lítà kan nídìí mọ́tò kí n tó gbéra ni, ọ̀fẹ́ ni ì bá jẹ́.

Aurora lẹ́bàá Denver, ní Colorado, ni mò ń gbé, ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ṣọdẹ elk. Ẹni tí ò bá mọ elk, ẹ ronú àgbọ̀nrín tí wọ́n gbé ara màlúù wọ̀, akọ rẹ̀ máa ń tó pọ́ùn 700. Orí òkè San Juan ni mo ti ń dọdẹ ẹ̀, níbi tó ti ga kọjá ẹsẹ̀ bàtà 10,000, tí èémí èèyàn á máa já bí ẹni pé wọ́n di í nímú. Ohun tó dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀ ni pé lọ́dún tó ṣáájú, mo gun òkè kan fún wákàtí méjì àbọ̀, bí mo ṣe yọrí báyìí, akọ elk kan dúró síwájú mi tó ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ kí mi. Mo gbé ìbọn sókè, apá mi ń gbọ̀n, mò ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ bí alùpùpù tí sàlẹ́ńsà ẹ̀ ti já, kí n tó rí ara mi kó jọ, ẹran ti wọ igbó lọ. Mo jókòó sórí òkúta, mo wo ìbọn, mo ní ìwọ lo fa èyí.

Remington 700 tó ń lo ọta .308 ni, tokunbọ̀ tí mo rà ní 550 dọ́là, igi walnut ló wà nídìí ẹ̀, ó rẹwà gan-an. Mo délé, mo gbé sìkéèlì ìyàwó mi láti ilé ìdáná, mo tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀, mo wọ̀n ọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ìbọn lásán, pọ́ùn 7 àti áùnsì 4. Awò orí ẹ̀ tí mo fi ń wo ẹran lókèèrè, áùnsì 21. Irin tó di awò mú, áùnsì 6. Okùn aláwọ tí mo fi ń gbé e kọ́, áùnsì 6. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ pọ́ùn 9 àti áùnsì 5, mi ò tíì ki ọta sí i o.

Mo pe bàámi ní Ṣakí, ọdẹ gidi ni wọ́n, ṣakabùlà ni wọ́n fi tọ́ wa dàgbà, ìbọn yẹn gùn jù mí lọ nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ìbọn mi wúwo. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Àjàní, ṣé ìbọn ló wúwo ni àbí ikùn?" Mo rẹ́rìn-ín. Ká ní mo ti gbọ́rọ̀ sí wọn lẹ́nu níbẹ̀ ni, mi ò bá má kọ èyí.

 Àwọn tó rọrùn nínú iṣẹ́ ọ̀hún, ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo fi parí wọn. Mo ju okùn aláwọ nù, mo ra ti náílọ̀n ní 20 dọ́là, áùnsì 4 kúrò. Mo yọ irin tó di awò mú, mo fi alumíníọ̀mù sí i, 65 dọ́là, áùnsì 4 tún kúrò. Mo ta awò ńlá yẹn ní 150, mo ra kékeré oní áùnsì 13 ní 500, ó fi 350 dọ́là gé áùnsì 8. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: 435 dọ́là, áùnsì 16, pọ́ùn kan gbáko. Ibí ló yẹ kí n dúró sí. Ìbọn ti bọ́ sí pọ́ùn 8 àti áùnsì 5, mi ò tíì bá alágbẹ̀dẹ kankan sọ̀rọ̀, ó sì ń yìn dáadáa, ọta mẹ́ta ní 100 yáàdì á wọ ibi tí kò ju íǹṣì kan àti díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ojú kòkòrò ṣe ń ṣe èèyàn. Mo rí ẹnì kan tó gbé Kimber Mountain Ascent, ìbọn tí wọ́n ní pọ́ùn 4 àti áùnsì 13 ni kí wọ́n tó gbé awò lé e. Ó ju ìyẹn sí mi lọ́wọ́, ó dà bí ìbọn ọmọdé. Mo béèrè iye ẹ̀, ó ní ó lé ní 2,000 dọ́là, mo dá a padà fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo wá ní kí n kúkú fi èyí tí mo ní ṣe tèmi, pé owó ẹ̀ á dín. Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín.

Igi ìbọn tí kì í ṣe igi, kábọ́ǹ fáíbà, ìyẹn gan-an ni àjálù mi. Àwọn tó ń ṣe é ní 725 dọ́là pẹ̀lú owó ìfiránṣẹ́, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Oṣù kejì ni mo sanwó, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà (àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn). Oṣù kẹrin, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Oṣù karùn-ún mo kọ ímeèlì, wọ́n ní ó ti kù díẹ̀. Oṣù kẹfà wọ́n ní ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kùn ún. Mo ní kí wọ́n má kùn ún mọ́, kí wọ́n fi dúdú ẹ̀ ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ó ti wọ ìlà àwọn tí wọ́n fẹ́ kùn, kò ṣeé yọ. Ìyàwó mi á kàn wò mí, á ní, "Bàbá Ṣeun, igi ẹ dà?" Odindi oṣù mẹ́fà! Ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù kẹjọ ló tó dé, ọdẹ sì máa bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kẹwàá.

Nígbà tí mo ṣí páálí, inú mi dùn, mi ò ní parọ́. Áùnsì 22 péré, ti walnut jẹ́ 38. Mo fi ìka kan gbé e. Mo dè é mọ́ ìbọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ti ra spánà tó ń wọn bí skúrù ṣe le tó, 60 dọ́là, mo ń ṣe bí oníṣẹ́.

Mo gbé e lọ pápá ìyìnbọn lọ́jọ́ Sátidé. Íǹṣì mẹ́rin! Ìbọn tó ń to ọta pọ̀ bí ẹni to ẹyin, ó wá ń fọ́n wọn káàkiri bí adìyẹ tí wọ́n lé. Mo ní ọta ni, mo ra oríṣi mìíràn, páálí kan 40 dọ́là. Kò yàtọ̀. Mo tún ra oríṣi kẹta. Mo ní awò ló mì, mo tú u, mo tún un dè. Páálí mẹ́fà ni mo yìn tán, 240 dọ́là, èjìká mi wú bí búrẹ́dì Agége. Kí ìbọn tó fúyẹ́ gbá èèyàn ju èyí tó wúwo lọ, ìyẹn kì í ṣe àṣírí, ọta kan náà ni, ara ìbọn tó máa gba ìtì yẹn dúró ló ti dín. Láti pọ́ùn 9 sí 7 tèmi yìí, agbára tó fi ń ta padà lé sí i ní nǹkan bí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sẹ́ni tó máa sọ ìyẹn fún ẹ nígbà tó ń gba owó ẹ.

Ohun kan wà tí mo rí tí mi ò kà sí: tí mo bá de skúrù iwájú tó so irin ìbọn mọ́ igi le, bóòtì, ìyẹn irin tí wọ́n fi ń ti ọta wọlé, ò ní fẹ́ padé. Mo rò pé tuntun ló ń ṣe é.

Ìgbà tí mo wá gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ ìbọn, bàbá òyìnbó kan tí irùngbọ̀n ẹ̀ funfun, bàbá yìí ò tiẹ̀ yin ọta kan. Ó wò ó pé kò sí ọta nínú ẹ̀, ó dì í mú lóòró, ó fi ìka kan sí ibi tí irin àti igi ti pàdé, ó ní kí èmi máa tú skúrù iwájú díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí n gbé ìka tèmi náà síbẹ̀. Bí skúrù ṣe ń tú, mo gbọ́ irin yẹn tó ń fò sókè lábẹ́ ìka mi, bí ẹni tó jókòó lórí abẹ́rẹ́. Ó ní kò jókòó rárá. Ó yọ àpótí tí ọta ń wọ̀ sí, ó ga ju bó ṣe yẹ lọ fún igi tuntun yìí, òun ló há sáàárín, tó ń ti ìbọn sókè, mò ń fi skúrù fa irin wálẹ̀, àpótí ń tì í padà, irin náà sì ń tẹ̀ láàárín wọn. Skúrù iwájú náà tún gùn jù, ẹnu ẹ̀ ń kan bóòtì nínú. Nǹkan tí mo rí fúnra mi tí mo gbójú fò nìyẹn!

Ó ní 220 dọ́là, ọ̀sẹ̀ méjì lórí ìlà. Ó ha àpótí yẹn lórí pépà oníyanrìn títí tó fi ń mì pẹ̀kẹ̀pẹ̀kẹ̀ nígbà tí wọ́n bá dè é tán, ó gé skúrù, ó fi epóksì, ìyẹn gọ́ọ̀mù tó máa ń le gan-an, tẹ́ ibùsùn fún irin kó lè jókòó ire. Tí ẹ bá ro 220 yẹn mọ́ 725, áùnsì 16 tí mo gé níbẹ̀ di 945 dọ́là. Pọ́ùn àkọ́kọ́, 435. Pọ́ùn kejì, 945. Pọ́ùn kan náà o.

Ó yẹ kí n ti kọ́gbọ́n. Bí mo ṣe wà níbẹ̀ náà ni mo ní kó bá mi gé ọ̀pá ìbọn láti íǹṣì 22 sí 20. 140 dọ́là, áùnsì méjì, ariwo ẹ̀ wá pọ̀ sí i, ọta sì dín ní eré díẹ̀. Mo tún ní kó gbẹ́ ìlà roboto sára bóòtì, 130 dọ́là. Ṣé ẹ fẹ́ mọ iye tí ìyẹn gé? Áùnsì kan. Ẹyọ kan. Ó rẹwà ṣá, ó dà bí ilà ojú ọmọ Ọ̀yọ́. Ohun tó wá ràn mí lọ́wọ́ jù ni pé bàbá yẹn dín tírígà kù láti pọ́ùn márùn-ún sí mẹ́ta, kò gba kọ́bọ̀. Ìbọn tó fúyẹ́ kì í dúró jẹ́ẹ́ lọ́wọ́, tí tírígà bá le, ìka ẹ nìkan ti tó láti gbé e kúrò lójú ẹran.

Ìbọn wá di pọ́ùn 7 àti áùnsì 2, ọta mẹ́ta wọ íǹṣì kan àbọ̀, ìkẹrin á ti máa rìn torí ọ̀pá ti gbóná. Mo gba bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ní ṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí ilé mi, Tikka T3x Lite, èyí tí wọ́n ń ṣe ní Finland, wà níbẹ̀ ní nǹkan bí 800 dọ́là, pọ́ùn 6 àbọ̀ láìtíì gbé awò lé e. Tí mo bá gbé awò kékeré yẹn, irin alumíníọ̀mù yẹn àti okùn yẹn lé e, ì bá fi nǹkan bí áùnsì 7 péré wúwo ju tèmi lọ, kò sí ímeèlì, kò sí epóksì, mo lè ta Remington ọ̀hún kí n sì fi owó ẹ̀ ra epo. Torí náà ẹni tó bá bi mí báyìí, mo máa ń sọ pé kó ra okùn, kó pààrọ̀ irin awò, kó ra awò kékeré, kó dúró níbẹ̀. Tó bá ṣì wúwo lójú ẹ̀, kó ta á, kó ra èyí tí wọ́n ti ṣe fúyẹ́ láti ilé iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ igi ìbọn, kó má sanwó ṣáájú, kó sì fi ìka kan ibi tí irin ti pàdé igi kó tó ra páálí ọta kejì.

Mo pa ẹran o! Lọ́jọ́ kẹta, abo kan, 210 yáàdì, ọta kan ṣoṣo. Mo sì gun òkè yẹn láìdúró mí bí ti tẹ́lẹ̀, inú mi ń dùn pé ìbọn ló ṣe é, àfi ìgbà tí mo padà délé tí mo gun sìkéèlì tí mo rí i pé mo ti fi pọ́ùn 14 fúyẹ́, torí pé nígbà tí mò ń retí igi láti oṣù kẹrin, inú ń bí mi, mo máa ń gbé àpò omi gun òkè kan lẹ́yìn Denver ní gbogbo Sátidé. Ẹran yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ru ú sọ̀kalẹ̀, ẹ̀yìn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já, pẹ̀lú ẹrù tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn mi, mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ìbọn wà lọ́rùn mi. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnì kankan jẹ. Mo fún àwọn ará ilé ìjọsìn wa jẹ, ṣùgbọ́n mo rò ó dáadáa kí n tó pín in.

Bàámi fẹ́ rí ìbọn yẹn lórí fídíò. Wọ́n wò ó, wọ́n ní kí n yí i, wọ́n ní kí n súnmọ́ dáadáa, wọ́n ní igi dúdú yìí mà dára o, èló ni? Mo ní ogójì dọ́là. Wọ́n dákẹ́, mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣírò ẹ̀ sí náírà. "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta lórí ìdí ìbọn lásán! Àjàní, o ti ya wèrè."